Koríko ń yọ, fíìmù ń jáde: ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí i l'Óṣogbo?

Ọmọ Òròkí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ọ̀gìnnìtìn. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá, ẹ má bínú pé mo kó wọn pọ̀ sójú kan. Àgbàlá ilé wa lápá Òkè-Baálẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ohun ọ̀gbìn tó wà níbẹ̀ ò sì pọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan, igi ọsàn kan, koríko ló gba ìyókù. Láti ìgbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni mo ti ń ro ó, kì í sì í pẹ́ tó fi máa ń kún padà dé orúnkún.

Ìyẹn apá kan. Apá kejì ni pé fíìmù ni mo fi ń ṣe fàájì. Èmi kì í lọ pátì, èmi kì í wo bọ́ọ̀lù. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ráyè, òpin ọ̀sẹ̀ yìí kan náà ni ọkọ́ ń pè mí. Báwo lẹ ṣe ń bójú tó àgbàlá yín tí kò fi gba gbogbo Sátidé lọ́wọ́ yín? Àti pé nínú àwọn fíìmù tó jáde láìpẹ́ yìí, èwo ló tó kí èèyàn tìtorí ẹ̀ fi ọkọ́ sílẹ̀?

Bàbá Àgbẹ̀

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, Ògún á gbè ọ́. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ ẹ̀yin èwe ni pé ẹ máa ń retí kí ilẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó jáde sí koríko. Ẹ̀yìn òjò gan-an ló yẹ kó o jáde. Bí òjò bá rọ̀ lóru, tí òkè sì dá ní ìdájí, ilẹ̀ á ti dẹ̀, ọwọ́ lásán lo máa fi fa ìmí-eṣú tu tegbòtegbò. Wákàtí kan ní òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ á ṣe ju ohun tó o máa fi gbogbo ọ̀sán Sátidé ṣe lọ nígbà tí oòrùn bá ti sun ilẹ̀ le.

Ṣùgbọ́n má fa á tán kó o dà á síbẹ̀ o. Gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, kó o dojú gbòǹgbò rẹ̀ kọ òkè kí oòrùn lè rí i pa. Koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ bá kan ilẹ̀ tútù, á tún ta lọ́la, wàá wá máa sọ pé ayé ń ṣe ọ́.

Èkan ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa, torí mo mọ ilẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn. Àdá ò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó wà lókè kọ́ ni èkan, ohun tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ni: gbòǹgbò funfun, tó ní oríkèé-oríkèé, tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó débi pé ó lè gún iṣu já. Bó o bá fi ọkọ́ gé e sí wẹ́wẹ́, oríkèé kọ̀ọ̀kan á hù, o ti bá a gbin òmíràn nìyẹn. Ṣe ni kó o wa ilẹ̀ náà jìn, kó o tọ gbòǹgbò náà lọ, kó o ṣà á sínú agbada tàbí báàgì, kó o sá a sórí kọnkéré títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, bo ilẹ̀ náà. Èkan ò fẹ́ òjìji rárá. Gbin ẹ̀gúsí tàbí ànàmọ́ síbẹ̀ kó fà bo ojú ilẹ̀. Kò ní tán lọ́dún kan, àmọ́ á mọ̀ pé onílé ti dé.

Alágídí Sábó

Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn wàhálà. Ẹ lọ ra oògùn koríko lọ́jà, ẹ pò ó, ẹ fín in. Ó parí. Ẹ lọ wo fíìmù yín.

Bàbá Àgbẹ̀

Kò tíì parí o, Alágídí. Mi ò sọ pé kí èèyàn má fín oògùn rárá, èmi náà ń fín in lóko. Ṣùgbọ́n àgbàlá kì í ṣe oko. Kànga wà níbẹ̀, adìyẹ wà níbẹ̀, ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, oògùn á gbé ara rẹ̀ lọ sórí ẹ̀fọ́ aládùúgbò, ìjà dé. Èyí tó máa ń gba ara ewé wọlé lọ pa gbòǹgbò nílò bíi wákàtí mẹ́fà láìsí òjò, ta ló lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún òjò oṣù keje? Yóò fọ̀ ọ́ lọ sínú gọ́tà, owó rẹ á sì bá a lọ. Bó bá tiẹ̀ wá pa koríko náà tán, ilẹ̀ á wà ní ìhòòhò, àgbàrá á máa kó o lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan ìpìlẹ̀ ilé.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: oògùn koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní paraquat, ẹ má rà á, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ní ògbólógbòó rẹ̀ nílé. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ẹnu díẹ̀ péré tó bá wọ ọ̀fun èèyàn lè ba ẹ̀dọ̀fóró àti kídìnrín jẹ́, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Wọ́n máa ń dà á sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ibẹ̀ lọmọdé ti ń ṣì í mu.

Níwọ̀n bí mo ti wọlé, ẹ jẹ́ n sọ ti ejò náà. Eku ni ejò ń bá wá sílé. Òkìtì búlọ́ọ̀kù, igi ìdáná, páànù àlòkù tẹ́ ẹ tò sí ẹ̀yìnkùlé, eku ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ nǹkan tójú yín ò rí. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ fi ọ̀pá gbá koríko kẹ́ ẹ tó wọ inú rẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ jẹ́ kó fi apá tàbí ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ láì mì í, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń gbà láti orí ẹyin títí dé èyí tó ń fò. Táyà, agolo, ìdérí kẹ́ẹ̀gì, àwo tí ajá ń mu omi, gbogbo ohun tó bá ń gba omi òjò, ẹ dà á nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ti já a lẹ́nu nìyẹn.

Lánlọ́ọ̀dù Àyétòrò

Ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n ro ilẹ̀ fúnra mi mọ́, àgbàṣe ni mo ń pè. Àmọ̀ràn mi ò gùn. Ẹ má bá wọn ṣe é ní ti owó ojúmọ́, torí ọjọ́ a máa gùn lọ́wọ́ wọn. Ẹ bá wọn rìn yí ilẹ̀ náà ká, ẹ nawọ́ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ wá dá iye kan lé gbogbo rẹ̀, *títí kan kíkó koríko kúrò*. Bí ẹ ò bá dárúkọ kíkó, wọ́n á ro ó tán, wọ́n á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, òkìtì koríko á wà níbẹ̀ fún yín. Kẹ́ ẹ sì so àkísà pupa mọ́ ohun tẹ́ ẹ bá gbìn. Ọmọkùnrin kan bẹ́ ewúro mi tó ti ń sanra mọ́lẹ̀, ó ní òun rò pé igbó ni.

Gọ́tà lẹ máa kọ́kọ́ là kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan koríko. Ẹ má sì da koríko sínú rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ro ó tán. Ohun tá a bá dà sí gọ́tà lókè, odò Gbódófọ̀n ló ń bá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Láyé wolé-wolé, ta ló jẹ́ dán an wò?

Wòran

Ẹ ti ń sọ ti koríko látàárọ̀, kò sẹ́ni tó dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn lórí fíìmù. Ẹ jẹ́ n gba apá yẹn.

Ọmọ Òròkí, ojú tó o fi ń wo àgbàlá yẹn, mú un dání lọ sídìí fíìmù. Ilẹ̀ ni èmi kọ́kọ́ máa ń wò nínú fíìmù ìtàn Yorùbá. Àgbàlá àwọn baba wa, gbígbá ni wọ́n ń gbá a. Ilẹ̀ pupa tó mọ́ kangá, tí ipa ọwọ̀ hàn lórí rẹ̀ láàárọ̀, wọn kì í jẹ́ kí koríko hù síbẹ̀ nítorí ejò àti àkeekèé. Ṣùgbọ́n nínú mélòó kan lára àwọn fíìmù ogun wa tuntun, Kábíyèsí á jáde sí gbàgede, á wá jẹ́ pé koríko òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé tẹ́ẹ́rẹ́, ló ń tẹ̀. Mo tún rí ọ̀kan tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ sá pamọ́ sínú igbó Akíntọ́lá. Igbó Akíntọ́lá kẹ̀! Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé yẹn ti wá, bí ọdún 1937 ló bá irúgbìn igi mẹ̀láínà wọ Nàìjíríà láti Sri Lanka. Baṣọ̀run Gáà tó kú ní 1774 kò fojú kàn án rí.

Ẹ má sọ pé mo ń wá ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Owó ń lọ sórí aṣọ, ó ń lọ sórí ẹṣin, ó ń lọ sórí iná, wọ́n á wá gbàgbé ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn *Aníkúlápó* ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ìtàn náà ní ibi tó ti fà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ inú rẹ̀ dà bí ilé tí èèyàn ń sùn sí. Wọ́n kọ́ abúlé náà sí Igbójayé nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ó sì hàn lójú rẹ̀.

*Jagun Jagun* ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ (oṣù kẹjọ 2023) ní agbára, àwọn òṣèré inú rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ wọn, àmọ́ ìjà pọ̀ jù fún mi. Nígbà tó bá ti di ìjà kẹta, mo ti ń ronú ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Gbọ́tijà tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu yẹn ṣáá, ká ní ó lè bá mi bá èkan sọ̀rọ̀.

Èyí tí màá ní kó o tìtorí ẹ̀ fi ọkọ́ sílẹ̀ ni *Lísàbí*, oṣù kẹsàn-án 2024. Mi ò sọ pé kò lábùkù. Aṣọ inú rẹ̀ tuntun jù. Ọmọ ìlú aró ni wá, a mọ bí ẹ̀lú ṣe máa ń ṣá lára aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóko. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Gbogbo ohun tá a mọ̀ nípa Lísàbí ni pé àáró ló fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ. Lónìí wọ́n á ro oko tèmi, lọ́la wọ́n á ro tìrẹ. Ojú àwọn Ìlàrí tí Ọ̀yọ́ rán wá gba ìṣákọ́lẹ̀ ń wò wọ́n, wọ́n rò pé oko lásán ni wọ́n ń ro, láìmọ̀ pé wọ́n ti ń múra ogun.

Bàbá Àgbẹ̀

Ó dùn mọ́ mi pé o mẹ́nu ba àáró. Láyé tiwa kò sẹ́ni tó ń dá ilẹ̀ ro.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù, ẹ má sì gbàgbé ibi tẹ́ ẹ ti wá. Òṣogbo yìí ni Dúró Ládípọ̀ ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962. Ó gbé eré orí ìtàgé rẹ̀, *Ọba Kò So*, láti ibẹ̀ lọ sí Berlin ní 1964, láìsí kámẹ́rà, ìlù àti ohùn ni wọ́n gbára lé. Àwọn Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Ọyin Adéjọbí, ìlú yìí náà ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Nínú fíìmù tuntun, ìlù á máa sọ̀rọ̀ lọ lábẹ́, kò ní bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú mu rárá. Ẹni tó gbọ́ ìlù ń rẹ́rìn-ín. Túndé Kèlání ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ tún *Ṣaworoidẹ* ti 1999 wò.

Wòran

Bàbá, ẹ ò parọ́.

Ọmọ Igbọ́nà, Texas

Ẹ kú ilé o. Houston ni mo wà, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni koríko ń dà láàmú. Ìgbà ooru ti wà lọ́dọ̀ wa báyìí, ooru tó ń bó èèyàn láwọ̀, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni koríko ń yọ jù. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wà níbí tó jẹ́ pé bí koríko iwájú ilé rẹ bá ga díẹ̀, lẹ́tà á dé, tó o bá sì yájú, owó ìtanràn. Lánlọ́ọ̀dù Àyétòrò, wolé-wolé tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ibí ló kó wá.

Ohun tí mo kọ́ níbí tó lè wúlò fún ẹni tó bá gbin koríko ẹlẹ́wà síwájú ilé: ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá fá a kanlẹ̀, gbòǹgbò á gbẹ, igbó á sì gba ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí abẹ ẹ̀rọ mú, abẹ kíkú ń fa ewé ya ni. Ẹ má gé e nígbà tó bá tutù. Èyí tẹ́ ẹ gé, bó bá kúrú, ẹ fi sílẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀, ajílẹ̀ ni.

Ti fíìmù, Ọmọ Òròkí, mo fẹ́ já ọ ní koro díẹ̀. O fi ṣe àkọlé pé koríko ń yọ, fíìmù ń jáde, bí ẹni pé àkókò koríko náà ni àkókò fíìmù. Lọ́dọ̀ wa níbí, òótọ́ ni. Láti ìgbà tí *Jaws* ti jáde ní oṣù kẹfà 1975 tó sì pa owó ribiribi ni àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà ti ń kó èyí tó tóbi jù sí ìgbà ooru. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje 2023, *Barbie* àti *Oppenheimer* jáde lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n nílé, oṣù kejìlá ni sinimá ń kún. Oṣù kejìlá 2023 ni Fúnkẹ́ Akíndélé gbé *A Tribe Called Judah* jáde, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilé. Oṣù kejìlá ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, ọkọ́ ti wà ní àjà. Èyí tó ń jáde nígbà òjò, orí fóònù ló pọ̀ sí, kò sì sá lọ síbì kankan, á dúró dè ọ́ títí wàá fi ro ilẹ̀ tán.

Bó bá di pé wọ́n gbé *My Father's Shadow* ti Akinola Davies Jr. dé ìtòsí yín, ẹ lọ wò ó. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú sínú àwọn àṣàyàn àjọ̀dún Cannes, ní 2025. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì l'Ékòó, ọjọ́ kan ṣoṣo nígbà ìdìbò 1993. Kò sí ìbọn dídún lọ́tùn-ún lósì, ara mi sì ń gbọ̀n.

Ìyá Ẹléwédú

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọmọ Òròkí, kí ló dé tó o fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán? Ilẹ̀ tó o bá gbin nǹkan sí lo máa ń fẹ́ ro, torí o mọ ohun tó o máa jẹ níbẹ̀. Ewédú ni kó o kọ́kọ́ gbìn. Má kàn fọ́n ọn sílẹ̀ o, kò ní hù dáadáa, èèpo rẹ̀ le. Di kóró rẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ti aṣọ náà bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, yọ ọ́ ní kíá, kó o ti ka bíi márùn-ún lẹ́nu, kó o wá bọ̀ ọ́ sínú omi tútù. Sá a sí ibòji kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kó o po ó mọ́ yanrìn kó má baà ṣù jọ, kó o fọ́n ọn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, o ti ń já a. Má fà á tu. Gé orí rẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka.

Tẹ̀tẹ̀ náà dára, ṣọkọ sì fẹ́ràn abẹ́ igi ọsàn tó ṣókùnkùn díẹ̀ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN

Ẹ̀gbọ́n Wòran ti sọ ọ̀rọ̀ tán, ẹ̀yin ò gbọ́ ni. Àáró! Àwa mẹ́rin tá a gba ilé síbì kan ti ń ṣe é. Sátidé kan, ilé ẹnì kan. Gbogbo wa á débẹ̀ láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kó tó di aago mẹ́sàn-án ó ti tán, ìyókù Sátidé di tìrẹ. Lálẹ́, ilé tá a bá ro la ti ń wo fíìmù. Mo ní pírójẹ́kítọ̀ kékeré kan, aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun la ń ta mọ́ ògiri. Tí koríko bá ti lọ, tí kò sí omi tó dúró, ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu.

Ohun tẹ́ ẹ ní láti mọ̀: kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, bí aago méje ààbọ̀, àwòrán kì í hàn. Ẹ ti da fíìmù náà sórí láptọ́ọ̀pù láti òru, dátà òru ló dínwó. Ẹ gbé sípíkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ẹ má gbé e sẹ́yìn èèyàn. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lára iná, ẹ wọlé. Ilẹ̀ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro máa ń ní ẹrẹ̀, torí náà ẹ tẹ́ páálí tàbí ẹní tó ti gbó sílẹ̀.

Alágídí Sábó

Ẹ fi orúkọ mi sí i. Ta ló ń ra àkàrà?

Ọmọ Òròkí

Alágídí, ìwọ tó ní ká fín oògùn? Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti bọ́ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí lẹ́yìn òjò, òótọ́ ni Bàbá sọ, ìmí-eṣú ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkan ló ṣì ń bá mi fa wàhálà. Ẹni tó bá wà lápá Òkè-Baálẹ̀, Àyétòrò tàbí Igbọ́nà tó fẹ́ bá wa ṣe àáró, kó sọ ọ́ síbí. Ilé wa la ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, *Lísàbí* la sì máa wò.

Lánlọ́ọ̀dù Àyétòrò

Mi ò lè ro ilẹ̀, mo ní jẹnẹrétọ̀. Ṣé ẹ máa gbà á ní ìpín tèmi?

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN

Bàbá, ẹ ti wọlé.

Ìyá Ẹléwédú

Ẹ fi ilé tèmi ṣe ẹ̀kẹta, àgbàdo mi á ti gbó tó sísun nígbà yẹn. Kí kálukú gbé àga tirẹ̀ wá, tèmi ò lè kárí yín. Àti pé ẹ so àkísà pupa mọ́ ewúro mi kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí Alágídí mú àdá.